Ìlà Pupa Tí Kò Fọ́

Gbogbo ìlà pupa tó wà lára òkú bàálù náà ló ti fọ́, àfi ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹyọ kan yẹn ló ń bí Abẹ́rẹ́ nínú.

Wọ́n ti kó àwókù bàálù ogun náà sórí tapólì nínú hángà, ilé gàgàrà tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe. Irin tó ti kákò wà níbẹ̀, wáyà tó jóná wà níbẹ̀, abala apá bàálù kan tí nọ́ńbà ara rẹ̀ ṣì hàn ketekete náà wà níbẹ̀. Lórí bóòtù kọ̀ọ̀kan ni olùyẹ̀wò ti fa ìlà ọ̀dà tín-ín-rín kan, láti ara nọ́ọ̀tì dé ara irin tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì bá yí, ì báà yí díẹ̀ báyìí, ìlà náà á já sí méjì, ẹni tó bá kọjá á sì rí i. Iṣẹ́ tí wọ́n rán ìlà náà nìyẹn, kò sí òmíràn. Bàálù já látòkè, ó fọ́ yángá, gbogbo ìlà pupa ara rẹ̀ sì fọ́ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pá irin tó ń darí ìrù bàálù, ọ̀pá tí orí rẹ̀ ti gbó, tó ti jẹ, tó sì yọ lójú òfurufú, nọ́ọ̀tì ti yí, ìlà pupa rẹ̀ kò sì já. Ó kàn nà ni.

Abẹ́rẹ́ lóṣòó tì í. "Ìwọ ọ̀dà yìí," ó ní, "kí ló dé tó o ò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ kú?"

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ológun ni, obìnrin kúkurú kan tí inú máa ń tètè bí, tí kì í sì í fi bò. Olú-iléeṣẹ́ ló rán an wá. Àwọn ọmọ ogun ló sọ ọ́ ní Abẹ́rẹ́, nítorí bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Kọmáńdà ibùdó náà sì ti ń wá bó ṣe máa gbé e mì láti ìgbà tó ti wọlé.

Lójú Kọmáńdà, ẹjọ́ ti tán. Àlejò ńlá wá wo ibùdó, wọ́n gbé bàálù sókè kó lè fojú jẹun, páílọ́ọ̀tì fi bàálù dárà lókè, ìrù bàálù kò gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́, ọmọkùnrin náà sì kú. Ọ̀pá tó jẹ ló pa á. Olùyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ló ní àwọ̀ ọ̀dà tirẹ̀ ní ibùdó yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kọ́, ìlà pupa sì ni wọ́n bá lára ọ̀pá náà. Bàbá Onídígí nìkan ló ń lo ọ̀dà pupa. Nítorí náà, Bàbá Onídígí ló fọwọ́ sí irin tó ti jẹ láì wò ó, kí wọ́n ka ìdájọ́ lọ́sàn-án òní, kí wọ́n gbé e lọ sẹ́wọ̀n, kí gbogbo ayé sinmi.

Bẹ́ẹ̀ ọkọ ọmọ Bàbá Onídígí ni páílọ́ọ̀tì tó kú.

* * *

Lẹ́nu ọ̀nà yàrá àtìmọ́lé, Abẹ́rẹ́ pàdé ọmọbìnrin náà. Tíṣà ni. Ó wọ aṣọ dúdú, ojú rẹ̀ ti gbẹ bí ojú ẹni tó ti sunkún débi tí ẹkún fi tán nínú rẹ̀.

"Ṣé ẹ ti rí wọn?" Abẹ́rẹ́ bi í.

"Mi ò wá rí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ ni mo wá jẹ́." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. "Ẹ bá mi sọ fún un pé kò gbọdọ̀ dé ibi tá a ti máa sin ọkọ mi. Àwọn ẹbí ọkọ mi ti ní báwọn bá fojú kàn án níbẹ̀, àwọn á ṣe é léṣe. Èmi ò sì ní dá wọn lẹ́kun."

"Bàbá yín ni o."

"Mo mọ̀. Ìdí tó fi dùn mí tó báyìí nìyẹn." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nínú yàrá, Bàbá Onídígí jókòó sórí bẹ́ńṣì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà láàárín orúnkún. Wọ́n ti gba dígí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, dígí kékeré olórí róbótó tó wà lórí igi gígùn, èyí tó fi máa ń wo kọ̀rọ̀ tí ojú èèyàn kò lè dé. Bàbá tó fi dígí yẹn wo ẹ̀yìn gbogbo irin láti ìgbà èwe rẹ̀ kò rí nǹkan kan mú dání mọ́.

"Mo gbọ́ ohùn rẹ̀," ó ní kí Abẹ́rẹ́ tó lanu. "Gbogbo ohun tó sọ ni mo gbọ́."

"Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ọ̀dà ni mo bá wá. Ọ̀dà pupa yín, ta ló tún ń lò ó?"

"Kò sí. Inú tíúbù kékeré ló ń wà, inú àpò mi sì ni tíúbù ń wà. Mo máa ń mú un dé ilé."

"Tó bá gbẹ, ṣé ó lè nà?"

Bàbá Onídígí gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ wèrè. "Kó nà kẹ̀? Ṣé rọ́bà ni? Ọ̀dà tí a fẹ́ kó fọ́ ni. Tó bá ń nà, nọ́ọ̀tì á tú, a ò sì ní mọ̀. Kí la wá fẹ́ fi ṣe?"

"Ọ̀pá ìrù yẹn ńkọ́? Ẹ wò ó lóòótọ́?"

Bàbá àgbàlagbà náà dìde. "Mo wò ó! Mo fi dígí wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo dì í mú, mo mì í, kò mì. Ọkọ ọmọ mi ló ń lọ jókòó sínú rẹ̀! Kódà bó ṣe ọ̀tá mi ló fẹ́ gùn ún, màá wò ó. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fi ọ̀pá náà hàn mí, wọ́n ní màá ba ẹ̀rí jẹ́. Ẹ̀rí wo? Ẹ̀rí ta ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ká Abẹ́rẹ́ lára. Èèyàn mélòó ló ti jókòó sórí bẹ́ńṣì yẹn rí, tí wọ́n dá lẹ́bi nǹkan tí wọn ò jẹ́ kó fojú kàn? Ó kúrò níbẹ̀ tìbínútìbínú, ó tilẹ̀ gbàgbé láti tilẹ̀kùn. Ọmọ ogun tó ń ṣọ́nà ló bá a tì í.

* * *

Ó padà sí hángà. Ó fi orí èékánná fa ìlà pupa ara ọ̀pá tó jẹ, ó ṣí bí èèpo ọ̀pọ̀tọ́, ó sì nà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fọwọ́ kan ìlà pupa ara bóòtù mìíràn nínú àwókù kan náà: ó di ìyẹ̀fun. Ọ̀dà méjì ni. Ẹni tó fa èyí àkọ́kọ́ kì í ṣe Bàbá Onídígí, ó kàn fẹ́ kó jọ tirẹ̀ ni.

Abẹ́rẹ́ tún tẹ̀ síwájú díẹ̀. Lábẹ́ èèpo pupa tó ṣí yẹn, ìlà mìíràn wà, tó ti pẹ́, tó ti fọ́. Yẹ́lò ni.

"Áà," ó ní. "Ọ̀dà ẹlòmíràn rèé."

Ọkùnrin kan wà ní ibùdó náà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Yẹ́lò, torí ọ̀dà yẹ́lò ni tirẹ̀. Òun ni olùyẹ̀wò kejì. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé òun àti Bàbá Onídígí kì í kí ara wọn. Ìgbà kan wà tí Bàbá Onídígí bá àkísà nínú ẹ́ńjìnnì tí Yẹ́lò ti fọwọ́ sí, kò sì bò ó láṣìírí, ó gbé àkísà náà sókè lójú gbogbo àwọn mẹ́káníìkì. Ìtìjú bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán lára ọkùnrin.

Abẹ́rẹ́ bá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù kejì, èyí tí wọ́n fẹ́ gbé fò lọ́jọ́ kejì.

"Ẹ kórìíra Bàbá Onídígí."

"Ta ni kò mọ̀?" Yẹ́lò ń nu ọwọ́. "Ẹni tó dójú tini níta gbangba, ṣé ká máa fún un ní ẹ̀bùn ni?"

"Ìlà yẹ́lò wà lábẹ́ ìlà pupa lára ọ̀pá tó pa páílọ́ọ̀tì. Ọ̀dà yín ni. Ẹ bá mi ṣàlàyé rẹ̀ kíá, torí inú mi ò dùn láti àárọ̀."

Ọwọ́ Yẹ́lò dúró. Àwọ̀ ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ló wà níbẹ̀. "Ọ̀pá wo? Èyí tí orí rẹ̀ jẹ lápá kan, tó ń mì bí eyín àgbàlagbà?"

"Òun náà ni."

"Ọ̀pá bàálù yìí nìyẹn!" Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu ara bàálù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Èmi ni mo kọ̀ ọ́! Mo sọ fún Ọ̀gá Sípánà pé bàálù yìí ò ní fò bí wọn ò bá pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní kò sí òmíràn nínú sítọ́ọ̀. Mo ní kó wà nílẹ̀ nígbà náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó ní tuntun ti dé. Mo yẹ tuntun náà wò, ó dára, mo fa ìlà mi sí i. Èyí tí mo kọ̀, mo rò pé wọ́n ti dà á nù."

"Ta ló fi tuntun náà síbẹ̀?"

"Ọ̀gá Sípánà fúnra rẹ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má bá òun dá sí i."

Ọ̀gá Sípánà ni olórí gbogbo àwọn mẹ́káníìkì ibùdó náà. Abẹ́rẹ́ na ọwọ́. "Ẹ yá mi ní dígí yín."

Ó gun àkàbà, ó ti dígí bọ inú ihò ìrù bàálù, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Níwájú nọ́ọ̀tì, ìlà yẹ́lò wà, ó mọ́ tónítóní. Ó yí dígí sí ẹ̀yìn, níbi tí eyín bóòtù ti wọnú irin, tí àkísà àti bẹntiróòlù kò lè nu dé. Pupa wà nínú eyín náà. Ó ki wáyà tín-ín-rín kan bọ ibẹ̀, ó họ ọ́: ìyẹ̀fun ló bọ́ sí i lọ́wọ́.

"Ẹ wá wo tuntun yín," ó ní.

Yẹ́lò wò ó. Ó tún un wò. "Mi ò wo ẹ̀yìn," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀. "Wọ́n ní tuntun ni."

Abẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ti ń tò lọ́kàn rẹ̀ bí okùn tó ń wọnú abẹ́rẹ́. Àlejò ńlá ń bọ̀, Kọmáńdà fẹ́ kó rí bàálù méjèèjì tó ń fò. Ọ̀kan ò ní ọ̀pá tó dára, sítọ́ọ̀ sì ṣófo. Níbo ni ọlọ́gbọ́n burúkú yóò ti mú ọ̀pá? Inú bàálù tí wọ́n ti yẹ̀ wò tán ni, torí ẹni tó bá ti yẹ nǹkan wò tán kì í padà wò ó mọ́. Wọ́n yọ ọ̀pá dáadáa lára bàálù Bàbá Onídígí, wọ́n fi ọ̀pá tó jẹ dípò rẹ̀, wọ́n sì kun ìlà yẹ́lò ní pupa. Wọ́n mọ̀ pé ọmọkùnrin kan máa jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì lọ wẹ ọwọ́ wọn.

Ọ̀dà ayédèrú náà kò pa mọ́. Lára ògiri hángà ni wọ́n fi báákẹ́ẹ̀tì iyanrìn tí wọ́n fi ń pa iná kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn wọ́n ní pupa nítorí àlejò. Abẹ́rẹ́ fi èékánná kan ọ̀kan, ó ṣí bí èèpo. Ṣùgbọ́n gbogbo mẹ́káníìkì ló kun báákẹ́ẹ̀tì. Ọ̀dà fi ibi tó ti wá hàn, kò lè fi ọwọ́ tó gbé e hàn. Bí òun bá sì pariwo báyìí, Ọ̀gá Sípánà á ní Yẹ́lò ló ṣe é, torí ìjà wọn. Ta ni kò ní gbà á gbọ́? Òun náà ti gbà á gbọ́ tẹ́lẹ̀.

Ó ní láti jẹ́ pé ẹnu Ọ̀gá Sípánà fúnra rẹ̀ ni yóò ti jáde.

* * *

Nínú gbọ̀ngàn ìpàdé, Kọmáńdà jókòó láàárín, ìwé ìdájọ́ wà níwájú rẹ̀. Bàbá Onídígí dúró láàárín ọmọ ogun méjì. Ọmọ rẹ̀ jókòó sí ìlà àkọ́kọ́, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọ̀gá Sípánà, ọkùnrin ńlá tí ọwọ́ rẹ̀ kì í kúrò ní àpò, dúró lẹ́bàá fèrèsé.

"Kẹ́ ẹ tó kà á, sà," Abẹ́rẹ́ ní, "ọ̀rọ̀ kan péré. Bàálù kejì ò ní fò lọ́la. Mo ti ní kí wọ́n fi ayùn gé ọ̀pá ìrù rẹ̀."

Kọmáńdà lejú. "Ta ló fún yín láṣẹ?"

"Yẹ́lò ló yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ti jẹ́wọ́ fún mi pé òun ò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó gbàgbé àkísà sínú ẹ́ńjìnnì! Ọ̀pá jẹgẹjẹgẹ ni mo rò pé wọ́n tún gbé síbẹ̀." Ó yíjú sí fèrèsé. "Ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, Ọ̀gá Sípánà. Èyí àkọ́kọ́ ti pa èèyàn. Ṣé ẹ fẹ́ pa ẹlẹ́ẹ̀kejì ni? Mo ti ń gbọ́ pé iṣẹ́ ti sú yín, pé ohunkóhun tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ lẹ̀ ń kì bọ bàálù."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Ọwọ́ Ọ̀gá Sípánà jáde ní àpò.

"Gbogbo èèyàn. Wọ́n ní mẹ́káníìkì ẹ̀bá ọ̀nà sàn jù yín lọ."

"Èmi?" Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. "Ẹ má fi iṣẹ́ mi ṣeré o! Ọ̀pá yẹn ò ní àléébù kankan! Ẹ má gé e! Bàbá Onídígí ti fi dígí wò ó tinú-tẹ̀yìn kí n tó…"

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Kẹ́ ẹ tó kí ni?" Abẹ́rẹ́ bi í jẹ́jẹ́.

Ọ̀gá Sípánà ki ọwọ́ bọ àpò padà.

"Bàbá Onídígí, ṣé ẹ ti yẹ bàálù kejì wò rí?"

"Rárá o," ni bàbá náà wí. "Ti Yẹ́lò ni. Mi ò fọwọ́ kàn án rí."

"Báwo lẹ wá ṣe yẹ ọ̀pá inú rẹ̀ wò?"

Bàbá Onídígí yíjú wo Ọ̀gá Sípánà. Ó yé e nígbà yẹn, ó sì hàn lójú rẹ̀ bó ṣe yé e tó. "Ẹ yọ ọ́," ó ní. "Ẹ yọ èyí tí mo wò."

Abẹ́rẹ́ da ọ̀dà sórí tábìlì níwájú Kọmáńdà: ìyẹ̀fun pupa kan, èèpo pupa kan. Ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Kò pẹ́ rárá.

"Kọmáńdà," ni Ọ̀gá Sípánà ké, "ẹ má fi mí sílẹ̀! Ẹ̀yin lẹ ní bàálù méjèèjì gbọ́dọ̀ fò!"

"Mo ní kó o dá ọgbọ́n sí i. Mi ò ní kó o pààyàn."

"Mo sọ fún yín pé ọ̀pá náà ti jẹ! Ẹ ní ọmọ náà ò ní pẹ́ lókè. Ẹ ní tí àlejò bá ti lọ, ká dá a padà, kò sẹ́ni tó máa mọ̀!"

Kọmáńdà nu iwájú orí rẹ̀. Ó wo Abẹ́rẹ́, ó tún ohùn ṣe. "Ẹ gbọ́. Ẹni tó kú ti kú. Ẹ jẹ́ ká ní irin ló gbó. Màá dá Bàbá sílẹ̀ lónìí, pẹ̀lú ọlá. Kò sẹ́ni tí yóò jìyà. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú sínú yàrá yìí."

"Kò sẹ́ni tí yóò jìyà?" Abẹ́rẹ́ fi ọwọ́ gbá tábìlì débi tí ìwé ìdájọ́ fi fò ṣubú. "Ẹ ti jẹ́ kí ọmọbìnrin yìí máa ṣépè fún bàbá tó bí i! Ẹ jókòó síbí, ẹ wọ aṣọ ìjọba, ẹ fẹ́ fi àgbàlagbà sẹ́wọ̀n nítorí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ wá ń bá mi dúnàá-dúrà! Ẹ bọ́ fìlà yẹn sílẹ̀. Àtàwọn ológun tẹ́ ẹ rí lẹ́nu ọ̀nà yẹn, èmi ni mo mú wọn wá, kì í ṣe tiyín. Ẹ̀yin méjèèjì ni wọ́n ń dúró dè."

Àwọn ológun náà wọlé. Bí wọ́n ṣe ń mú Ọ̀gá Sípánà kọjá níwájú ìlà àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà dìde, ó dí i lọ́nà.

"Ẹ dúró. Ọjọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ bá ọkọ mi di bẹ́líìtì nínú bàálù. Mo wà lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta fún àwọn òǹwòran, mo rí yín. Ó bá yín sọ̀rọ̀. Kí ló sọ?"

Ọ̀gá Sípánà wo ilẹ̀. "Ó ní kí n ṣeun."

"Kí lẹ dá a lóhùn?"

"Ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní kí lẹ dá a lóhùn?"

"Mo ní…" Ohùn ọkùnrin ńlá náà wọlẹ̀. "Mo ní kó lọ ire, kó bọ̀ ire."

Ọmọbìnrin náà gbá a létí. Ìró rẹ̀ dún dé ẹnu ọ̀nà, àwọn ológun tó mú ọkùnrin náà sì wo ibòmíràn. Ó tún gbé ọwọ́ sókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ náà dúró lókè. Bàbá Onídígí ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Ó di ọwọ́ náà mú, ó sì rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọbìnrin náà kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà. "Wọ́n fẹ́ wẹ òkú ọkọ mi ní ìrọ̀lẹ́ yìí, Bàbá," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ."